Àwọn Bakitéríà tí Eégbọn ń Gbé láti Ara Àgbọ̀nrín àti Ẹran Ìgbẹ́ Mìíràn: Ohun tí Ó Yẹ kí Olùgbé Alímọ̀ṣọ́ Mọ̀

Eégbọn jẹ́ kòkòrò kékeré tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹranko àti ènìyàn. Bí ó ti ń kúrò lára ẹran kan bọ́ sí ara òmíràn ni ó ń gbé àwọn bakitéríà kan kiri, díẹ̀ nínú wọn sì ń fa ibà lára ènìyàn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ti ń bá eégbọn pàdé lára àgbọ̀nrín, ẹtu, túùkú àti ọ̀yà. Lóde òní, ọ̀rọ̀ eégbọn kò mọ sí inú igbó mọ́. Ẹran ìgbẹ́ ń wọ ọjà, màlúù ń gba àdúgbò kọjá, ajá ń sùn sí ẹnu ọ̀nà, eégbọn sì ń bá gbogbo wọn wọlé.

Kókó àkọsílẹ̀ yìí ni pé ibà tí ó bá mú ènìyàn lẹ́yìn tí eégbọn jẹ ẹ́ lè má jẹ́ màláríà, bẹ́ẹ̀ ni oògùn màláríà kò lè wo irú ibà bẹ́ẹ̀. Aláìsàn tí ó bá sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera pé eégbọn ti so mọ́ òun lára ti ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀.

Àgbọ̀nrín ilẹ̀ wa àti àgbọ̀nrín ilẹ̀ òkèèrè

Orúkọ kan náà, àgbọ̀nrín, ni a fi ń pe ẹran méjì tí kì í ṣe ọ̀kan. Èkíní ni ẹran ìgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà tí ìwo akọ rẹ̀ ní ẹ̀ka bí igi, tí ìwo náà sì ń bọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù. Ẹran yìí kò sí nínú igbó ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí ó wà ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Èkejì ni àgbọ̀nrín tiwa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tragelaphus scriptus. Awọ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó ní ìlà àti àmì funfun lára, ìwo akọ rẹ̀ lọ́ pọ̀, kì í sì í bọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Inú ìdílé kan náà ni àgbọ̀nrín tiwa, ẹtu, màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn wà. Nítorí ìbátan yìí, eégbọn tí ó bá lè mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kò ní í ṣòro fún láti mu ti èkejì, bakitéríà tí ó sì bá rí ààyè lára ọ̀kan lè rí i lára òmíràn. Níbi tí ẹran ọ̀sìn bá ti ń jẹko nínú igbó kan náà pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, tí wọ́n sì jọ ń mu omi odò kan, eégbọn ni ó ń so wọ́n pọ̀. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wà ní etí àwọn igbó ọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́, níbi tí púpọ̀ nínú ẹran ìgbẹ́ tí à ń tà lójú ọ̀nà tí ó wọ Èkó ti ń wá.

Ìgbé ayé eégbọn

Ìbátan aláǹtakùn ni eégbọn. Bí ó bá ti dàgbà, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní. Kò ní ìyẹ́, kò sì lè fò. Ìpele mẹ́rin ni ayé rẹ̀: ẹyin, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀dọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, àti àgbà. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ẹyin, ó gbọ́dọ̀ mu ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lè bọ́ sí ìpele tí ó kàn. Abo tí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó a já bọ́ sílẹ̀, a yé ẹyin tí ó lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, a sì kú.

Oríṣi mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀ ní agbègbè wa:

- Amblyomma variegatum. Òun ni ó gbajúmọ̀ jù lára màlúù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀yìn akọ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tí ó ń dán pẹ̀lú ìlà dúdú. Ẹran mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń gùn nínú ayé rẹ̀, ọ̀kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ó lè wà lára ẹyẹ tàbí ẹran kékeré nígbà èwe rẹ̀, kí ó wà lára àgbọ̀nrín tàbí màlúù nígbà tí ó bá dàgbà. Àní lékelèké tí ń tẹ̀lé agbo màlúù a máa gbé ọmọ eégbọn yìí láti ibì kan dé ibòmíràn. Àkókò òjò ni àwọn àgbà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù lára ẹran. Kì í kàn jókòó dúró lórí koríko. Bí ó bá ti gbóòórùn èémí ẹran tàbí ènìyàn, a máa rìn lórí ilẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ.

- Rhipicephalus sanguineus. Eégbọn ajá nìyí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ pupa tí ó ṣú díẹ̀. Ó yàtọ̀ sí àwọn yòókù ní ti pé ó lè gbé inú ilé ènìyàn, kí ó yé ẹyin sínú ihò ògiri àti abẹ́ ẹní.

- Rhipicephalus microplus. Àlejò ni èyí. Ní nǹkan bí ọdún 2007 sí 2008 ni a rí i ní Ivory Coast àti ní Benin, lẹ́yìn tí a kó màlúù láti Brazil wọ agbègbè wa. Ó ti dé Nàìjíríà báyìí.

Àwọn bakitéríà tí eégbọn ń gbé

Rickettsia africae. Èyí ni ó ń fa ibà eégbọn ilẹ̀ Áfíríkà lára ènìyàn. A rí bakitéríà náà gbà jáde lára aláìsàn kan ní Zimbabwe, a sì fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ ní ọdún 1996. Orúkọ àwọn ìbátan rẹ̀, Rickettsia, wá láti ara orúkọ Howard Ricketts, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó fi hàn ní ọdún 1906 pé eégbọn ni ó ń tan irú ibà bẹ́ẹ̀ kálẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì kú ní Mẹ́síkò ní ọdún 1910, nígbà tí ibà mìíràn tí ó ń ṣèwádìí rẹ̀ mú un. Inú sẹ́ẹ̀lì ni bakitéríà yìí ń gbé. Ìyá eégbọn a máa fi í sínú ẹyin, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ eégbọn tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ rí lè ti gbé e lọ́wọ́ kí ó tó jáde láyé.

Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde ìwádìí jáde pé Rickettsia africae wà lára eégbọn Amblyomma variegatum tí a kó jọ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2004, ìwádìí kan ní Cameroon, tí ó bá wa pààlà, ti rí bakitéríà yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ibà tí àyẹ̀wò kò rí màláríà tàbí táífọ́ọ̀dì lára wọn. Ìwádìí méjèèjì yìí fi hàn pé kì í ṣe àlejò tí ó wá wo ẹranko láti òkè òkun nìkan ni àrùn náà ń mú, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rò tẹ́lẹ̀.

Ehrlichia ruminantium. Ẹran ni èyí ń pa. Ó ń mú kí omi gbá jọ sínú àpò tí ó yí ọkàn màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn ká. Ní ọdún 1925 ni Edmund Cowdry, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní South Africa, rí bakitéríà náà nínú eégbọn tí ń gbé e. Àwọn ẹran ìgbẹ́ tí ó bá àgbọ̀nrín tan lè ní in lára láìṣàìsàn, kí eégbọn sì gbà á lára wọn lọ bá ẹran ọ̀sìn. Ewúrẹ́ tí ó kú lójijì lẹ́yìn tí ó ti ń wárìrì, tí ó sì ń yí po lójú kan, yẹ kí dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò.

Ehrlichia canis. Ajá ni èyí ń bá jà. Ajá tí ó bá ní in a máa rù, a máa kọ oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà nímú rẹ̀. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 rí i lára àwọn ajá ní Nàìjíríà.

Coxiella burnetii. Eégbọn ń gbé èyí kiri láàrin ẹran ìgbẹ́ àti ẹran ọ̀sìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó sábà ń gbà dé ara ènìyàn yàtọ̀. Ó ń jáde pẹ̀lú omi ìbí àti ibi ọmọ ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Bí ó bá gbẹ, a di eruku, ènìyàn a sì fà á símú. Ó tún lè wà nínú wàrà tí a kò sè. Láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpẹran ní Brisbane, ní Ọsirélíà, ni a ti kọ́kọ́ dá àìsàn rẹ̀ mọ̀ ní ọdún 1935. Ibà, ẹ̀fọ́rí àti ikọ́ ni àmì rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa wọ inú ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn.

Fún àwọn ẹbí wa tí ó wà ní òkè òkun

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Alímọ̀ṣọ́ ni ó ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà tàbí Britain. Níbẹ̀, àrùn eégbọn tí a mọ̀ jù ni èyí tí a fi orúkọ ìlú Lyme, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, pè. Willy Burgdorfer ni ó rí bakitéríà rẹ̀, àwọn onímọ̀ sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1982. Àgbọ̀nrín ibẹ̀ ni ó ń bọ́ àgbà eégbọn náà, tí ó ń mú kí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ara eku igbó ni eégbọn ti sábà ń gba bakitéríà náà. Àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ lè jẹ́ àbàwọ́n ńlá tí ó ń gbòòrò bí òrùka lójú ibi tí eégbọn jẹ. Kì í ṣe àrùn ilẹ̀ wa, nítorí eégbọn tí ń gbé e kò sí ní igbó wa. Ẹni tí ó bá ti òkèèrè dé, tí ibà sì ń ṣe é, kí ó sọ ibi tí ó ti ń bọ̀ fún dókítà.

Bí eégbọn ṣe ń dé Alímọ̀ṣọ́

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ènìyàn pọ̀ sí jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000 níbẹ̀. Ó bá Ìpínlẹ̀ Ògùn pààlà. Láti Ìkọ̀tún dé Ìgàǹdó, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìpájà àti Ayọ̀bọ́, ilé ti gba ibi tí oko àti igbó wà nígbà kan, síbẹ̀ pápá tí a kò tíì kọ́lé sí, etí odò àti ilẹ̀ àbàtà ṣì wà láàrin àdúgbò. Ọ̀nà mẹ́rin ni eégbọn sábà ń gbà bá ènìyàn pàdé níbẹ̀.

Èkíní ni ẹran ìgbẹ́ tútù. Bí ara ẹran tí a pa bá ti ń tutù, eégbọn tí kò tíì yó a máa tú kúrò lára rẹ̀ láti wá ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ọdẹ tí ó gbé e léjìká, awakọ̀ tí ó kó o sẹ́yìn ọkọ̀, àti ẹni tí ó ń sun irun rẹ̀ ni ó súnmọ́ ọn jù. Ẹran tí a ti sun irun rẹ̀, tí a sì ti sè jinná, kò ní eégbọn láàyè mọ́.

Èkejì ni ẹran ọ̀sìn. Ewúrẹ́ àti àgùntàn tí ń rìn kiri, àti màlúù tí a kó wá fún pípa tàbí fún ọdún Iléyá, lè gbé eégbọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Òfin tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 láti fòpin sí dída màlúù kiri ní gbangba wúlò níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí ibi tí màlúù bá jẹko dé ni eégbọn ń já bọ́ sí.

Ẹ̀kẹta ni ajá. Ajá tí ń ṣọ́ ilé lóru, tí ó sì ń rìn nínú koríko lọ́sàn-án, a máa gbé eégbọn wọlé bá àwọn ọmọ tí ń bá a ṣeré.

Ẹ̀kẹrin ni koríko gíga fúnra rẹ̀, pàápàá ní àkókò òjò, fún àwọn tí ń dá oko ẹ̀fọ́ létí odò àti àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá.

Àmì àìsàn, àti ìdí tí a fi ń ṣì í mú

Láàrin ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́yìn tí eégbọn tí ó ní Rickettsia africae bá jẹ ènìyàn, àwọn àmì wọ̀nyí lè bẹ̀rẹ̀:

- ibà àti otútù;
- ẹ̀fọ́rí líle, pẹ̀lú ríro ọrùn àti iṣan ara;
- ojú egbò kékeré kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èépá dúdú wà láàrin rẹ̀, tí àyíká rẹ̀ sì wú;
- kókó tí ó so sí abẹ́ abíyá, ọrùn tàbí ibi tí itan ti pàdé ikùn, nítòsí ibi tí egbò náà wà;
- ara sísú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń sú lára.

Ojú egbò elépàá dúdú ni ẹlẹ́rìí tí ó dájú jù, ṣùgbọ́n kì í dùn ènìyàn púpọ̀, ibi ìkọ̀kọ̀ ni ó sì sábà máa ń wà: ẹ̀yìn orúnkún, ìbàdí, abíyá, ẹ̀yìn etí, inú irun orí. Lára awọ dúdú, pípọ́n àyíká rẹ̀ lè má hàn. Nítorí náà, kí a fi ọwọ́ wá a, kí a má fi ojú nìkan wò ó.

Ní ìlú tí màláríà ti wọ́pọ̀ bí tiwa, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn nígbà tí ara bá gbóná ni màláríà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò màláríà sì ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Àṣìṣe wà níbi tí a bá ti mu àgbo tàbí ra oògùn màláríà ní kẹ́mísì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta láìṣe àyẹ̀wò kankan. Ó sì tún yẹ kí a mọ̀ pé àgbàlagbà ní ilẹ̀ wa lè ní kòkòrò màláríà díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé òun ni ó ń ṣe é. Àyẹ̀wò tí ó bá fi màláríà hàn kò mú ọ̀ràn eégbọn kúrò.

Ìtọ́jú

Ibà eégbọn ilẹ̀ Áfíríkà kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè dá ènìyàn gúnlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ó sì máa ń le jù lára àwọn àgbàlagbà. Doxycycline ni oògùn tí a mọ̀ fún un. Ampicillin àti amoxicillin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà fúnra wọn, kò ràn án. Dókítà nìkan ni ó yẹ kí ó pàṣẹ doxycycline, kí ó sì sọ iye ọjọ́ tí a óò lò ó, nítorí ọ̀rọ̀ aláboyún àti ọmọdé gba ìṣọ́ra. Dókítà lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí èsì yàrá àyẹ̀wò tó dé, torí pé ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá bakitéríà yìí jà kì í tètè hàn nínú àyẹ̀wò. Ìtàn tí aláìsàn bá sọ ni dókítà yóò fi ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Bí ibà bá ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ yín, tàbí Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Alímọ̀ṣọ́ tí ó wà ní Ìgàǹdó. Bí aláìsàn bá ń ṣe ìrànrán, bí gìrì bá mú un, tàbí bí èémí bá ń ṣòro fún un, ẹ pe 767 tàbí 112 lójú ẹsẹ̀.

Bí a ṣe ń yọ eégbọn

1. Ẹ lo ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Bí kò bá sí, ẹ fi ọ̀rá tàbí aṣọ bo ìka yín.
2. Ẹ di eégbọn náà mú níbi tí ó súnmọ́ awọ ara jù, kì í ṣe níbi ikùn rẹ̀.
3. Ẹ fà á sókè tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìyí i, láìjá a.
4. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ àti ọwọ́ yín, kí ẹ sì fi sípíríìtì nù ún.
5. Ẹ fi eégbọn náà sínú ìgò kékeré tí sípíríìtì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ sílẹ̀. Yóò wúlò bí ibà bá dé.

Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì sí i, ẹ má ṣe fi iná sun ún, ẹ má sì fi ọ̀rá ìpara bò ó kí ó tó kúrò. Ìwọ̀nyí a máa fa ìdádúró, wọ́n sì lè mú kí ó pọ itọ́ rẹ̀ sínú ara. Ẹ má fi èékánná pa á, nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Bí ẹ bá ṣe tètè yọ ọ́ tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń dínkù tó.

Ìdènà

Ọdẹ àti àwọn tí ń ta ẹran ìgbẹ́: ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kí ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ tàbí bàtà òjò. Ẹ di ẹran tí ẹ pa sínú àpò tí ẹnu rẹ̀ sé, ẹ má gbé e sí èjìká lásán. Ẹ sun irun rẹ̀ kí ó tó wọ ilé ìdáná. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin dáàbò bo ọ̀pọ̀ ẹran ìgbẹ́.

Alápatà àti ẹlẹ́ran ọ̀sìn: ẹ lo ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń bó awọ tàbí tí ẹ bá ń gbẹ̀bí ẹran. Ẹ sin ibi ọmọ ẹran sínú ilẹ̀, ẹ má jù ú sí ààtàn. Ẹ se wàrà kí ẹ tó mu ún. Kí dókítà ẹranko júwe oògùn eégbọn tí ẹ óò lò fún ẹran yín àti bí ẹ óò ṣe lò ó.

Ẹni tí ó ní ajá: ẹ máa yẹ etí, ọrùn àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ajá wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí eégbọn bá pọ̀ lára rẹ̀, ẹ tọ́jú ajá, ẹ sì tọ́jú ibi tí ó ń sùn àti ihò ògiri pẹ̀lú; bí a bá tọ́jú ajá nìkan, àwọn ọmọ eégbọn tí ó wà nínú ilé yóò padà gùn ún.

Òbí àti onílé: ẹ gé koríko àyíká ilé mọ́lẹ̀ ní àkókò òjò. Bí ọmọ bá ti pápá dé, kí ó wẹ̀, kí ẹ sì yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, títí kan inú irun orí.

Igbó tí àgbọ̀nrín ń gbé jìnnà sí ọjà Ìkọ̀tún, ṣùgbọ́n eégbọn kò nílò láti fi ẹsẹ̀ rìn ún. Àwa àti ẹran wa ni ó ń gùn wá. Nígbà tí ibà bá tún dé, kí ẹ tó ra oògùn, ẹ bi ara yín pé: ǹjẹ́ mo fọwọ́ kan ẹran ìgbẹ́, màlúù tàbí ajá, tàbí rin inú koríko gíga, láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí ìsinsìnyí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ yẹ ara yín wò dáadáa, kí ẹ sì sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera kí ó tó béèrè.